Àjẹ̀ tí a lè fà gùn, tí a sì lè tì kúrú: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ lórí omi

Àjẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí, kì í ṣe pátákó. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń dúró lórí pátákó tí a sì ń wà á kiri ojú omi, ìyẹn eré ìdárayá tí gbogbo ayé ń pè ní stand-up paddleboarding, ni a máa ń ná gbogbo làákàyè wa sórí pátákó, tí a ó sì wá mú àjẹ̀ èyíkéyìí tí ó bá wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀, àjẹ̀ ni ọwọ́ wa ń bá ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Pátákó kàn ń gbé wa dúró ni. Ẹni tí ó bá ń fa àjẹ̀ ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú kan yóò ti fà á ní ìgbà 1,800 kí wákàtí kan tó pé, bí gígùn rẹ̀ bá sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ ṣàṣìṣe, ìgbà 1,800 ni èjìká yóò san gbèsè àṣìṣe náà.

Èyí tí mo ti ń lò fún oṣù mẹ́jọ báyìí jẹ́ irú èyí tí gígùn rẹ̀ ṣeé yí padà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí: ewé àjẹ̀, ìyẹn apá pẹrẹsẹ tí ń wọ inú omi, ọ̀pá àárín, àti ọ̀pá òkè tí ìdìmú wà lórí rẹ̀, èyí tí ń wọ inú ọ̀pá àárín, tí ìdè kan sì ń fún un mọ́ ibi tí a bá fi í sí. Fáíbà gíláàsì ni ọ̀pá rẹ̀, ike líle ni ewé rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n tí mo ní nílé sì jẹ́ gíráàmù 880. Àwọn tí wọ́n ṣe é kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ibi tí ó kúrú dé ni sẹ̀ǹtímítà 170, ibi tí ó gùn dé sì ni 210. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé irú àjẹ̀ yìí pọ̀ lọ́jà, àléébù àti ẹwà tí mo fẹ́ sọ sì jọ ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdájọ́ mi ni pé ó tó rà fún ẹni tí kò tíì mọ gígùn tí ó bá ara rẹ̀ mu, àti fún ilé tí àgbàlagbà méjì tàbí mẹ́ta ti fẹ́ máa pín in lò. Kò yẹ ẹni tí ó ga gan-an, kò sì yẹ ọmọdé rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó tà á fún mi fi dá mi lójú pé tọmọdé tàgbà ni ó wà fún.

Kí n tó rà á, àjẹ̀ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi sínú àpò pátákó afẹ́fẹ́ mi, irú èyí tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ni mo ń lò. Ọkùnrin tí ó ta pátákó náà fún mi ní kí n gbé àjẹ̀ náà nàró lórí ilẹ̀, kí n na apá kan sókè, kí n sì ṣe é títí orí ìdìmú rẹ̀ yóò fi kan ọrùn ọwọ́ mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 203. Bẹ́ẹ̀, 172 ni èmi fúnra mi ga; àjẹ̀ náà fi sẹ̀ǹtímítà 31 ga jù mí lọ. Apá mi gùn, àwọn aránṣọ kì í yé ráhùn nípa rẹ̀, òun ni ó sì ba ìwọ̀n náà jẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ti ewé àjẹ̀ wọ inú omi, ọwọ́ mi tí ó wà lókè a kọjá orí mi kí ó tó lè padà sílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò fi lè na ọwọ́ ọ̀tún mú nǹkan lórí pẹpẹ mọ́. Mo ti dá ìrọ̀rí lẹ́bi, mo ti dá ọjọ́ orí lẹ́bi, kí ó tó wá sí mi lọ́kàn láti wọn gígùn àjẹ̀.

Ìlànà tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí ènìyàn fi ínṣì mẹ́fà sí mẹ́wàá, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25, kún bí ó ti ga tó. Àwọn tí ń gun ìgbì a máa mú èyí tí ó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé orúnkún wọn kì í nà tán, wọ́n sì ní láti máa yí àjẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì kíákíá. Àwọn tí ń rìn jìnnà lórí omi tí ó pa rọ́rọ́ a máa súnmọ́ 20 tàbí 25. Àwọn tí ń bára wọn díje fẹ́ràn àjẹ̀ gígùn gan-an nígbà kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń dín in kù. Ìlànà yìí wúlò gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di òfin ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Kì í kúkú ṣe ohun tí ó ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ní Waikiki ní Hawaii, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pe eré yìí ní hoe heʻe nalu, àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi lásán ni àwọn tí wọ́n ń dúró lórí pátákó láàárín ọ̀rúndún tó kọjá ń fi wà á, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi téèpù wọn ohunkóhun. Àjẹ̀ ẹni tí ó jókòó kúrú fún ẹni tí ó nàró, ìdí sì nìyí tí a fi wá ń ṣe èyí tí ó gùn.

Ohun tí ìlànà yẹn kò sọ pọ̀ ju èyí tí ó sọ lọ. Kì í ṣe gbogbo gígùn àjẹ̀ ni ó kan ara wa. Ohun tí ó kàn wá ni bí ọwọ́ wa tí ó wà lókè ṣe jìnnà sí ojú omi tó nígbà tí ewé àjẹ̀ bá ti rì tán. Ohun méjì ni ó ń yí ìwọ̀n yìí padà láìjẹ́ pé ènìyàn ga sí i tàbí kúrú sí i. Èkínní ni gígùn ewé àjẹ̀ fúnra rẹ̀. Ewé tèmi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 46, ti alumíníọ̀mù àtijọ́ yẹn sì jẹ́ 41. Bí a bá gbé àwọn méjèèjì sí 190, ọ̀pá tí yóò kù lókè omi yóò fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yàtọ̀ síra, nítorí náà iye kan náà lára wọn kì í ṣe ohun kan náà fún èjìká. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ àjẹ̀, tí ó sì kàn gbé nọ́ńbà ti àtijọ́ lé ti tuntun, yóò máa ṣe kàyéfì ìdí tí ọ̀kan fi rọrùn tí èkejì kò sì rọrùn.

Èkejì ni bí ẹsẹ̀ wa ṣe ga sí omi tó, pátákó ni ó sì ń pinnu èyí. Pátákó afẹ́fẹ́ tèmi nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì lè gba nǹkan bíi lítà 300. Èmi, ẹrù mi àti pátákó náà papọ̀ tó kílógíráàmù 90, èyí tí ó túmọ̀ sí pé lítà 90 péré nínú rẹ̀ ni omi ní láti gbé. Kò tó ìdá mẹ́ta pátákó náà tí ó wọ inú omi. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá tí ó kù wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí ẹni dúró lórí àpótí. Nígbà tí mo yá pátákó líle ti ọ̀rẹ́ mi kan, èyí tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ tí kò sì gba ju lítà 190 lọ, bí ìdajì rẹ̀ ni ó rì, ẹsẹ̀ mi sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin súnmọ́ omi ju ti tẹ́lẹ̀. Mo ní láti dín àjẹ̀ kù ní mẹ́rin kí ara mi tó tún balẹ̀. Ibí yìí gan-an ni mo ti gbà pé owó mi kò ṣòfò, nítorí pé àjẹ̀ tí gígùn rẹ̀ kò ṣeé yí padà ì bá ti fi mí sílẹ̀ ní ọ̀kan nínú méjì: kí n máa tẹ̀ ba, tàbí kí n máa na apá kọjá orí.

Mo fi ọjọ́ Sátidé mẹ́rin tẹ̀ léra wọn wá gígùn ara mi lórí adágún tí kò ní ìgbì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 200, mo sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo ń wò kò pọ̀. Mo ń na àjẹ̀ síwájú, mo ń rì í wọlé ní ẹ̀gbẹ́ pátákó títí ewé rẹ̀ yóò fi bọ́ sínú omi tán, lẹ́yìn náà mo wo ibi tí ọwọ́ òkè wà. Bí ó bá ga ju orí lọ, àjẹ̀ gùn jù. Bí ó bá wà níwájú orí tàbí ní ọ̀gangan ojú, tí apá sì nà tán láìfi èjìká sọ́kè lọ́dọ̀ etí, ó bá ara mu. Bí mo bá ní láti tẹ̀ ba láti inú ẹ̀yìn kí ewé náà tó rì tán, ó kúrú jù. Ojú ara ẹni kì í rí èyí dáadáa, nítorí náà mo ní kí àbúrò mi fi fóònù ya fídíò mi láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tí mo rí nínú fídíò yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí mo rò pé mo ń ṣe.

Ní 200, ọwọ́ mi wà lókè orí, gbogbo ìfà sì lọ́ra bí ẹni ń fi igi ọ̀pẹ ro ọkà. Ní 196, ó dín kù, ṣùgbọ́n mo ṣì rí i pé mo máa ń yí àjẹ̀ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú ìgbìyànjú. Láti 193 dé 190, n kò rántí èjìká mọ́ rárá, èyí tí ó jẹ́ àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ju èyíkéyìí lọ. Ní 187, ìfà yá, ó tilẹ̀ dùn fún bíi ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀yìn mi lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nígbà tí atẹ́gùn dìde lọ́jọ́ kẹta, tí mo kúnlẹ̀ lórí pátákó kí n lè padà sí èbúté, 187 yẹn sì tún gùn jù, ọwọ́ òkè mi ní láti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ìdìmú kí ó di ọ̀pá mú. Mo wá dúró sí 191, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 19 lórí bí mo ti ga tó, mo sì fi téèpù pupa yí ibẹ̀ ká. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà yẹn ì bá ti dé agbègbè yìí láìjáde nílé, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín 15 sí 25 tí ó fi sílẹ̀ fún wa, ìrora ẹ̀yìn wà ní ìpẹ̀kun kan, ìrora èjìká sì lè wà ní ìkejì.

Mo yá àwọn mìíràn ní àjẹ̀ náà láti dán an wò pẹ̀lú. Ìka kò dọ́gbà, ara náà kò sì dọ́gbà. Àbúrò mi obìnrin ga ní 158. A gbé e sí 178, ó sì bá a mu lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ga ní 190, 210 tí ó jẹ́ òpin àjẹ̀ yìí sì ni ó nílò. Ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fa ọ̀pá òkè dé òpin, ìwọ̀nba díẹ̀ péré ni ó ń kù nínú ọ̀pá àárín tí ìdè lè fún mú, gbogbo rẹ̀ sì ń mì nígbà tí ó bá fi agbára fà á. Bí ènìyàn bá ga ju 185 lọ, kí ó wá èyí tí ó dé 220. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó burú jù. Ó ga ní 138. Ohun tí ó yẹ ẹ kò ju nǹkan bíi 155 lọ, 170 sì ni ìsàlẹ̀ àjẹ̀ yìí. Ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ ki jù fún ọwọ́ rẹ̀ kékeré. Ọmọ náà wà á bí ẹni ń gbá ilẹ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́ kí a tó kúrò létí omi. Àjẹ̀ ọmọdé wà lọ́tọ̀. Kí a má fi ti àgbà dí i.

Àléébù kan tí n kò retí ni pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá kì í ṣe òtítọ́. Nígbà tí mo fi téèpù ìwọ̀n wọ̀n ọ́n láti orí ìdìmú dé ẹnu ewé, ohun tí wọ́n pè ní 190 jẹ́ 192. Sẹ̀ǹtímítà méjì kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ lo àjẹ̀ yìí láti mọ gígùn tí yóò fi ra òmíràn gbọ́dọ̀ fi téèpù wọn ọ́n fúnra rẹ̀. Yàtọ̀ sí 170 àti 210 tí àwọn tí wọ́n ṣe é kọ, gbogbo nọ́ńbà gígùn rẹ̀ tí mo ti kọ sókè yìí jẹ́ ti téèpù, kì í ṣe ti ọ̀pá.

Ìdè rẹ̀ ni ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà. Ó jẹ́ irú èyí tí a ń ṣí, tí a sì ń tẹ̀ pa, ó sì dára ju bọ́tìnì tí ń wọ inú ihò lọ, nítorí pé bọ́tìnì máa ń fo láti ihò kan sí èkejì, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn yan sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo láàárín wọn. Ṣùgbọ́n yanrìn ni ọ̀tá rẹ̀. Ní oṣù kejì, mo gbé àjẹ̀ náà sílẹ̀ létí omi, yanrìn wọ inú rẹ̀, bí mo sì ti dé àárín omi, ọ̀pá òkè bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọ inú ti àárín díẹ̀díẹ̀ títí tí mo fi rí i pé mo ti ń wa pátákó pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀ bí arúgbó. Ewé rẹ̀ náà yí díẹ̀, kò dojú kọ iwájú tààrà mọ́, pátákó sì ń ya lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan láìka bí mo ti ń fà á sí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tú u sí mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan inú àti ìta rẹ̀, tí n kò sì ń tò ó pọ̀ títí yóò fi gbẹ. Ìdè náà ní skúrù kékeré kan tí a lè fi fún un sí i. Wọn kò kọ èyí sínú ìwé tí ó bá a wá, ṣùgbọ́n yíyí i lẹ́ẹ̀kan péré ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Nípa ìwúwo rẹ̀, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fúyẹ́ ju alumíníọ̀mù lọ, èyí tí ó máa ń tó kílógíráàmù kan, ó sì wúwo ju ti kábọ́ọ̀nù gidi lọ, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 500 sí 700. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọwọ́ á mọ ìyàtọ̀ náà. Kí wákàtí tó pé, kò mọ̀ ọ́n. Ó ń léfòó bí ó bá já bọ́, ẹ̀yin tí ẹ bá rà á, ẹ dán èyí wò létí omi kí ẹ tó lọ jìnnà, nítorí pé bí omi bá ń wọ inú ọ̀pá, yóò rì díẹ̀díẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó ń dààmú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tí wọ́n sì máa ń gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé gígùn lórí. Ewé àjẹ̀ kò wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú ní nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá, iwájú yẹn ni ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí nígbà tí a bá ń wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń dì í mú sódì, nítorí pé ó jọ ṣíbí tí a fi ń bu ọbẹ̀, ojú wọn sì rí i bí ẹni pé ṣíbí ni ó yẹ kí ó máa bu omi. Ẹni tí ó bá dì í mú sódì yóò rò pé àjẹ̀ òun kò bá òun mu, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ sí iwájú.

Ní oṣù tó kọjá, mo ra àjẹ̀ kábọ́ọ̀nù tí gígùn rẹ̀ kò ṣeé yí padà, irú èyí tí a ń ta pẹ̀lú ọ̀pá gígùn àti ìdìmú tí a kò tíì lẹ̀ mọ́ ọn. Ewé rẹ̀ jẹ́ 46 bíi ti àkọ́kọ́, nítorí náà mo lè gbé nọ́ńbà mi lé e láìṣírò mọ́. Mo fi sẹ̀ǹtímítà méjì kún 191 kí n tó fi ayùn gé e, mo sì yọ ibi tí ìdìmú ń gbà lórí ọ̀pá kúrò nínú ìṣírò, nítorí pé ohun tí a bá ti gé kò ṣeé fà gùn mọ́. Gọ́ọ̀mù gbígbóná ni mo fi lẹ ìdìmú náà, kí n lè fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun yọ ọ́ padà. Ní ọjọ́ kejì lórí omi, mo yọ ọ́, mo gé méjì náà kúrò. Àjẹ̀ aláyípadà yẹn wà nínú àpò rẹ̀ báyìí fún àlejò, téèpù pupa náà sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀, bí àbúrò mi tilẹ̀ ti fi téèpù aláwọ̀ ewéko tirẹ̀ sí ara ọ̀pá náà ní 178.